Lẹ́tà ṣíṣí sí PTA iléèwé wa: ẹ má tíì lé mi kúrò nídìí bọ́ọ̀dù

Sí Alága, Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú PTA,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà school fees tó tún fò sókè ní táàmù yìí. Èmi tíṣà Maths SS2 ni mo ń kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ ni kí n wá bá yín lójúkojú, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n ṣàlàyé ara mi, ṣùgbọ́n voice note tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin bàbá wa ṣe nípa mi lọ́jọ́sí ti rìn jìnnà ju ibi tẹ́sẹ̀ mi lè bá a dé lọ, kódà àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ìlọrin ló fi ránṣẹ́ sí mi padà, ó ní "àbí kì í ṣe iléèwé tìẹ nìyí?" Bọ́rọ̀ bá ti dé Ìlọrin, àṣírí wo ló tún kù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kémi náà fèsì níta gbangba.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo gbọ́ nínú voice note yẹn. Wọ́n ní mi ò kí ń fún àwọn ọmọ níṣẹ́ tó pọ̀, pé èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣe ìṣirò tán lójú bọ́ọ̀dù tí màá wá ní káwọn ọmọ jókòó kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n ní mo máa ń da tópíìkì pọ̀, tí lónìí bá jẹ́ ti proportion, màá tún ki quadratic àti ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn bọ inú ẹ̀. Èyí tó wá dùn yín jù ni pé màáki tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ mi ò tó ti SS2 kejì, níbi tí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fún wọn ní ogún past question irú kan náà lójoojúmọ́.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mi ò ní jiyàn ẹyọ kan. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, àti pé màáki kékeré tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an wà lára ìdí tí mo fi ń sùn dáadáa lálẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fẹ́ǹsì. Lọ́dún tó kọjá, nígbà témi náà ṣì ń ṣe bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, mo fún àwọn ọmọ SS2 ìgbà yẹn ní ogún ìṣirò lórí proportion, gbogbo ẹ̀ ló jọra: bí àpò sìmẹ́ǹtì 6 bá jẹ́ ₦60,000, èló ni àpò 15, bí yáàdì aṣọ 4 bá jẹ́ báyìí, èló ni yáàdì 10. Wọ́n ń ṣe é bí ẹni ń mumi, èmi náà ń rìn káàkiri kíláàsì, inú mi ń dùn. Nígbà tó dé nọ́ńbà kọkànlélógún mo kàn ṣàdédé yí i, mo ní bí ọkùnrin 6 bá mọ fẹ́ǹsì kan ní ọjọ́ 10, ọjọ́ mélòó ni ọkùnrin 15 máa fi mọ ọ́n? Àwọn tó kọ 25 ju ìlàjì kíláàsì lọ. Ọjọ́ 25! Ìyẹn ni pé bí bíríkìlà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ á ṣe máa pẹ́ sí i (ó lè rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ṣá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Ọjọ́ 4 ni ìdáhùn ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí bàbá ẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, ó máa ń tẹ̀lé bàbá ẹ̀ lọ sí sáìtì ní Sátidé, ọwọ́ ẹ̀ le bíi pákó. Òun náà kọ 25. Mo pè é wá sójú tábìlì mi, mo ní, "Gbọ́ ná, tí èèyàn 6 bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dádì ẹ, tí wọ́n ní àwọn máa lo ọjọ́ 10, táwọn 9 mìíràn wá dé láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà sà, wọ́n á tètè parí nìyẹn, kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan." Mo ní ó dáa, kí ló wá dé tó o fi kọ 25? Ó wo ìwé ẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Sà, mo rò pé Maths là ń ṣe ni."

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ tó mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ láti sáìtì, tó sì fi sílẹ̀ sẹ́nu géètì kó tó wọlé wá bá mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ogún ìṣirò tó jọra ni mo fi kọ́ ọ pé kò yẹ kéèyàn máa ronú, kó ṣáà sọ ọ́ di púpọ̀ kó sì pín in. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun táwọn tó ń ṣèwádìí bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ nǹkan ti kọ sílẹ̀, cognitive science ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe nǹkan àná, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń bá a bọ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣí mi lójú ni tàwọn ọmọ tó ń tajà ní Recife ní Brazil (ìlú tí wọ́n ti ń pe ẹ̀sìn òrìṣà ní Xangô títí dòní, ẹ ò rí i pé ìbátan ni wá). Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, lọ ra àgbọn àti èso lọ́wọ́ àwọn ọmọ márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 9 sí 15, wọ́n ń bi wọ́n ní "èló ni mẹ́rin, èló ni ṣéńjì mi," bí oníbàárà gidi. Lẹ́yìn náà wọ́n wá gbé irú ìṣirò kan náà fún àwọn ọmọ yìí lórí ìwé. Ọdún 1985 ni wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde. Lọ́jà, àwọn ọmọ yẹn gba 98.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ bí ìtàn sínú ìwé, ó bọ́ sí 73.7. Nígbà tó wá di nọ́ńbà lásán pẹ̀lú àmì ìsọdipúpọ̀, 36.8. Ọmọ kan wà tí wọ́n ra àgbọn mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀, 35 ni ọ̀kan, ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi ọgbọ̀n kún un, ó di 135, ó rántí pé 35 ni ọ̀kan, ó ní "140!" Ó pé pérépéré. Wọ́n wá fún un ní 35 lọ́nà 4 lórí ìwé, ó ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, mo gbé 2, 2 àti 3 di 5, lọ́nà 4 jẹ́ 20, ó kọ 200. Ọmọ kan náà, àgbọn kan náà o. Mo kà á tán, mo ní ọmọ bíríkìlà mi rèé.

Kí ló wá ń jẹ́ kẹ́nì kan mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìṣòro tó díjú, tẹ́lòmíì á kàn máa wò ó? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ọpọlọ ló fi jù ú lọ, "ọmọ yẹn, orí ẹ̀ pé." Lọ́dún 1946, ọmọ Netherlands kan tó ń jẹ́ Adriaan de Groot tẹ ìwádìí tó ṣe lórí àwọn ọ̀gá chess jáde, ó rí i pé kì í ṣe pé ọ̀gá ń ro ìgbésẹ̀ tó pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ lọ́nà tó yani lẹ́nu, ìgbésẹ̀ tó dáa ló ń tètè hàn sí i. Lọ́dún 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà wá fi í dánwò síwájú sí i. Wọ́n fi bọ́ọ̀dù chess han ọ̀gá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta níwọ̀nba, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, wọ́n bò ó, wọ́n ní kí wọ́n to gbogbo ẹ̀ padà. Ọ̀gá rántí bí ọmọ ayò 16, ẹnì kejì 8, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ 4. Ẹ máa rò pé àbí òótọ́ ni pé orí ló fi jù wọ́n lọ. Wọ́n wá da àwọn ọmọ ayò náà sórí bọ́ọ̀dù yánkanyànkan, lọ́nà tí kò lè ṣẹlẹ̀ nínú eré gidi, ọ̀gá sì di ọmọdé padà, kò rántí ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ni pé kì í ṣe orí ńlá lọ̀gá ní, ojú ló ní. Ó ti rí bátànì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ohun tí ẹlòmíì ń kà ní mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo lòun ń rí. Àwọn baba wa ti sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn tẹ́ ẹ wo Tunde Onakoya bó ṣe ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square ní April 2024, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò nìyẹn, ojú tó ti mọ bọ́ọ̀dù.

Fóònù yín náà jẹ́rìí sí i. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá ń pè é fún yín, "0803" tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe mẹ́rin létí yín, ẹyọ kan ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú á máa gbé mọ́kànlá kiri. George Miller, olùwádìí ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ lọ́dún 1956 pé nǹkan bí méje ni ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, Nelson Cowan wá ní lọ́dún 2001 pé ó sún mọ́ mẹ́rin. Mẹ́rin, ẹ̀yin òbí wa! Igbá tá a fi ń ronú kéré gan-an, bó o bá kó nǹkan sí i jù á dà nù. Ohun tó ń mú ká máa ronú bí èèyàn ńlá ni pé ohun tá a ti mọ̀ dunjú kì í gba àyè púpọ̀ nínú igbá yẹn. Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ di stíárìn mú, kílọ́ọ̀ṣì, jíà, digi, ọ̀kadà lápá ọ̀tún, ẹ ò fẹ́ kẹ́nì kankan bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Lónìí ẹ̀ ń wakọ̀, ẹ̀ ń bá kọndọ́ jà lórí ṣéńjì, ẹ sì ń gbọ́ ìròyìn.

Ibi tí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ti wọlé nìyí, pé mo máa ń ṣe ìṣirò tán lójú bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá simultaneous equation pàdé, tí mo sọ ogún ẹ̀ lé lọ́wọ́, igbá ẹ̀ á kún kó tó débì kankan: kí ni wọ́n ń béèrè, èwo ni x, ṣé kí n fi kún un ni àbí kí n yọ ọ́, àmì yọkúrò yẹn dà, kí ni mo ní mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo agbára ẹ̀ á bá wíwá ìdáhùn lọ, kò ní ku nǹkan kan tó máa fi kíyè sí bí ọ̀nà ṣe rí. Ó lè rí ìdáhùn o! Ó lè rí ìdáhùn, kó máà kọ́ nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni John Sweller ní Ọsirélíà ló tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Lọ́dún 1985, òun àti Graham Cooper fún àwọn ọmọ ní algebra, àwọn kan ń dá ìṣirò ṣe lọ rẹrẹ, àwọn kan ń wo èyí tí wọ́n ti ṣe tán, wọ́n á wá ṣe ọ̀kan tó jọ ọ́, wọ́n á tún wo òmíràn. Àwọn tó ń wo èyí tí wọ́n ti ṣe tán ló yára jù nígbà tí wọ́n fún gbogbo wọn ní irú ìṣirò yẹn ṣe lẹ́yìn náà, àṣìṣe wọn sì kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò Ọsirélíà kẹ́ ẹ tó mọ èyí, àfi tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi aránṣọ ni, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo dàgbà sí. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tuntun tó máa dé lónìí tí màmá mi máa gbé sísọ́ọ̀sì fún lọ́la, kó lọ gé léèsì oníléèsì. Áyọ́ọ̀nù lo máa kọ́kọ́ di mú, wàá máa gán bọ́tìnì, wàá máa ṣe etí aṣọ, lẹ́yìn náà wàá rán apá mọ́ ara, gígé ló máa ń kẹ́yìn. Mo máa ń rò pé ìfìyàjẹni lásán ni, àfìgbà tí mo ka ti Jean Lave, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ jókòó ti àwọn aránṣọ ẹ̀yà Vai àti Gola ní Monrovia ní Liberia lẹ́yìn ọdún 1970. Ohun kan náà ló bá níbẹ̀! Ìparí aṣọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, gígé ló gbẹ̀yìn. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹni tó ti gán bọ́tìnì, tó sì ti lọ aṣọ tó parí lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti mọ bí odindi aṣọ ṣe rí kó tó kan èyíkéyìí, àti pé bọ́tìnì tó bàjẹ́ ṣeé tún gán, ṣùgbọ́n aṣọ tá a bá gé gbòdì ti lọ nìyẹn. Àwọn ìyá wa ò ka ìwé kankan lórí ọpọlọ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ibì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ tèmi fi yàtọ̀ sí ti màmá mi. Bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń lọ, ojú lèèyàn fi ń rí i. Bí mo ṣe ń ronú kọ́ lọmọ ń rí, ìlà tí mo kọ ló ń rí. Tí mo bá kàn kọ ìlà méje sójú bọ́ọ̀dù tí mo dákẹ́, mo ti di irú ọ̀gá tó ń sọ pé "ṣáà máa wò mí" tí ọmọ iṣẹ́ á fi pọn omi fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ pé "tíṣà yẹn máa ń dá sọ̀rọ̀." Mò ń pariwo ohun tí mò ń rò ni: "Hẹn-ẹn, kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ṣé bí èyí bá ń pọ̀ ni ìyẹn á pọ̀ ni, àbí á dín kù? Ó jọ pé mo ti ṣìnà, ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn." Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kì í ṣe mímọ̀ọ́mọ̀. Lẹ́yìn náà màá tọ́ka sí ìlà kan, màá ní, "Ìwọ, kí ló dé tí mo fi ṣe èyí?" Wọn ò kàn jókòó máa wòran o. Lọ́dún 1989, Michelene Chi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń ka àpẹẹrẹ physics tí wọ́n ti ṣe tán, àwọn tó ń dá ṣàlàyé fún ara wọn bí wọ́n ṣe ń kà á, "ó ṣe èyí torí pé...", ló yege jù nígbà tí wọ́n wá ṣe tiwọn.

Mo sì gbọ́ pé ìyá kan láti ìdí bẹ́ńṣì tún fi kún un pé Yorùbá ni mo fi ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ ò lè fi èdè tó ń há a lẹ́nu ṣàlàyé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e, ẹrù méjì lórí igbá kan ni. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún odindi ọdún mẹ́fà, gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára. Lẹ́yìn tó bá ti yé wọn, màá ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń fẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó yá, ẹ̀sùn kejì, dída tópíìkì pọ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi létí dáadáa, torí òun ló bí ẹ̀sùn kẹta.

Bí ọmọ bá ń ṣe ogún ìṣirò irú kan náà, àkọ́kọ́ nìkan ló ronú sí. Mọ́kàndínlógún tó kù, ó ń ṣe àdàkọ ọ̀nà ni. Kò sí ibi tó ti bi ara ẹ̀ pé "irú kí lèyí?" torí àkòrí tó wà lókè ìwé ti sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó le jù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa kọ "proportion" sórí nọ́ńbà 7 fún un. Doug Rohrer àti Kelli Taylor ní Florida dán an wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2007. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń wá volume oríṣi nǹkan mẹ́rin tí ìrísí wọn ṣàjèjì. Àwọn kan ṣe oríṣi kọ̀ọ̀kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, àwọn kan ṣe é ní àdàpọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn tí kò dà á pọ̀ gba 89 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn aládàpọ̀ gba 60. Ká ní PTA wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bá ti ní kí tíṣà aládàpọ̀ máa lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n tún dán gbogbo wọn wò. Àwọn aládàpọ̀ gba 63. Àwọn tó gba 89 wá gba 20.

Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. 89 di 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń dá mi lẹ́jọ́, tópíìkì ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ń dán wò, lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tó ṣì gbóná lórí ahọ́n. 89 ló ń kà fún yín. Kò tíì bá yín dé ibi tí 20 wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa yà yín lẹ́nu lọ́dọọdún pé ọmọ tó ń gba 18 nínú 20 látọjọ́ yìí, tí mock dé tó wá gba D7, ẹ̀yin á ní àwọn ọmọ ìkà ló ń ṣiṣẹ́, pásítọ̀ á sì bá yín ní kẹ́ ẹ wá gbààwẹ̀. Mi ò bá àdúrà jà o.

Chi kan náà yẹn, pẹ̀lú Paul Feltovich àti Robert Glaser, ti kó ìbéèrè physics 24 fáwọn èèyàn lọ́dún 1981 pé kí wọ́n ṣà wọ́n jọ bí wọ́n ṣe bára mu. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń ṣà á bí ojú ṣe rí i: èyí ní sípíríǹgì nínú, ìyẹn ní pákó tó dagun. Àwọn tó ti jinlẹ̀ nínú ẹ̀ kó sípíríǹgì àti pákó papọ̀ tọ́fìn tó wà nísàlẹ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Sìmẹ́ǹtì àti fẹ́ǹsì bára mu lójú ọmọ mi, torí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni méjèèjì, ó sì fi ọ̀nà ti sìmẹ́ǹtì tú ti fẹ́ǹsì. Fẹ́ǹsì kì í ṣe mọ̀lẹ́bí sìmẹ́ǹtì rárá. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ nìyí: àpò ìrẹsì kan ń tó èèyàn 8 jẹ fún ọjọ́ 30, àlejò 4 dé, ọjọ́ mélòó ni yóò tó wọn jẹ? (Ọjọ́ 20 ni, tí àlejò ò bá jẹun jù.) Báwo lọmọ á ṣe mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ìrẹsì àti fẹ́ǹsì tí mi ò bá tò wọ́n síwájú ẹ̀ pa pọ̀, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?

Mary Gick àti Keith Holyoak ti fi hàn lọ́dún 1980 pé èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ka ìtàn ọ̀gágun kan fáwọn èèyàn, tó fẹ́ gba ìlú olódi, tí ọ̀nà ò lè gba gbogbo ọmọ ogun lẹ́ẹ̀kan, tó wá pín wọn sí ọ̀nà púpọ̀ kí wọ́n pàdé níbẹ̀. Wọ́n wá béèrè bí dókítà ṣe lè fi ìtànṣán pa kókó inú ikùn láìpa ẹran ara tó yí i ká. Ìdáhùn ti wà nínú ìtàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, kí ìtànṣán wẹ́wẹ́ gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé kó pàdé lórí kókó, síbẹ̀ bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló rí i. Ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé "ìtàn yẹn lè ràn yín lọ́wọ́ o" ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn tó rí i. Nígbà tó di 1983 àwọn méjì yìí rí i pé tí èèyàn bá fi ìtàn méjì tó jọra wéra, ojú ẹ̀ máa ń tètè là sí ìkẹta. Kò sí àdánwò tí mo mọ̀ tó jọ ọmọ bíríkìlà yẹn tó báyìí.

Kí n má purọ́, èmi náà ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú ọ̀nà tuntun yìí. Ní táàmù àkọ́kọ́, mo da nǹkan pọ̀ fún wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n tó mọ orí ẹ̀ mọ ìdí, kíláàsì dàrú pátápátá, ọmọbìnrin kan sunkún. Àdàpọ̀ ò ṣe é fún ẹni tí kò tíì mọ ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpẹẹrẹ tá a ti ṣe tán ò dáa fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, Slava Kalyuga, Sweller àtàwọn yòókù kọ ọ́ lọ́dún 2003 pé ohun tó ń ran ẹni tó ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń di ìdènà fún ẹni tó ti wọ yàrá. Nítorí náà ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé màá ṣe odindi ìṣirò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ́jọ́ kejì màá pa ìlà tó kẹ́yìn rẹ́ kí wọ́n fi tiwọn sí i, lọ́jọ́ kẹta màá pa méjì rẹ́, títí tó fi máa ku ìbéèrè nìkan, ìgbà yẹn ni màá tó dà á mọ́ ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹ má sì bá mi bú tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi ni, òṣìṣẹ́ gidi ni. Past question pàápàá ò lẹ́bi, òun ni mo ń lò. Mo kàn ń gé e kúrò lábẹ́ àkòrí ẹ̀ ni mo ń pò ó pọ̀ bíi káàdì whot.

Nítorí náà, Alága wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, ẹ bá mi fi í sórí àjẹ́ńdà ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe tẹ́ẹ̀sì kan fún SS2 méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, láìsọ fún wọn ṣáájú, lórí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí. Kí tíṣà SS3 ló yan ìbéèrè, kémi àti ẹlẹgbẹ́ mi má rí i. Kí wọ́n má kọ orúkọ kíláàsì sórí ìwé, nọ́ńbà nìkan. Ẹ̀yin òbí lẹ máa máàkì í, ìdáhùn á wà lọ́wọ́ yín. Tí tàwọn ọmọ mi bá wà nísàlẹ̀, láti Mọ́ńdè ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ogún ogún, mi ò ní ráhùn. Tí wọ́n bá sì wà lókè, ẹ fi mí sílẹ̀ títí di ìparí session, kẹ́ ẹ sì bá mi ra bọ́ọ̀dù tuntun, eléyìí ò gba ṣọ́ọ̀kì mọ́.

Bàbá wa tó ṣe voice note, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe olórí àwọn tó máa máàkì, torí ẹ ò ní ṣojúsàájú fún mi. Mo ti ra pákẹ́ẹ̀tì báírò pupa sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Maths SS2